Báíńdà sítáàṣì gbágùúdá nínú pẹ́lẹ́ẹ̀tì òkúta irin: ó le dáadáa kó tó wọ iná, inú iná ló ti rún. Ẹ gbà mí o

Akẹ́kọ̀ọ́Irin kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo tẹ́ ẹ wà níbí. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí ti dà mí lórí rú.

Metallurgy, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa irin, ni mò ń kà, ọdún àṣekágbá ni mo wà, prọ́jẹ́ẹ̀tì mi sì ni pé kí n fi sítáàṣì gbágùúdá rọ́pò bẹ́ntónáìtì nínú pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí a fi òkúta irin Itakpe, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ṣe. Fún ẹni tí kò bá mọ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń lọ òkúta irin kúnná bí èlùbọ́ kí wọ́n lè yọ iyanrìn inú ẹ̀ kúrò, àmọ́ ìyẹ̀fun yẹn ò ṣeé dà sínú iléru bẹ́ẹ̀, ó máa dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà kọjá, èyí tó bá sì fúyẹ́ á bá èéfín jáde lọ, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi omi díẹ̀ àti nǹkan tó ń lẹ̀ yí i róbótó bíi róbó, 9 sí 16 mílímítà, kí wọ́n tó wá sun ún kó le bí òkúta. Nǹkan tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yẹn là ń pè ní báíńdà. Bẹ́ntónáìtì, ìyẹn amọ̀ kan tó máa ń wú tó bá ti mu omi, lèyí tó wọ́pọ̀ jù.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo lọ òkúta náà, mo jọ̀ ọ́ pẹ̀lú síífù 75 máíkírọ̀nù (ihò ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà), ìwọ̀n kìlò kan kìlò kan ni mò ń pò. Sítáàṣì, ọjà ni mo ti rà á, mo fi omi gbígbóná pò ó bí ìgbà téèyàn fẹ́ fi sítáàṣì sáṣọ, mo wá dà á sí i, 2%. A ò ní ẹ̀rọ tó ń yí i, táyà ọkọ̀ tó ti gbó kan la gbé sórí irin tá a sì ń fi ọwọ́ yí, èmi àti ẹnìkejì mi, apá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Àmọ́ ó yí o! Ó dán, ó rí róbótó. Mo ń jù ú sílẹ̀ láti ìwọ̀n 45 sẹ̀ǹtímítà sórí irin pẹlẹbẹ, ó tó ẹ̀ẹ̀meje kó tó sán. Mo gbẹ ẹ́ ní 105 dígírì mọ́jú, tí mo bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ báyìí kò mira. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Mo wá kó o sínú fọ́nẹ́ẹ̀sì lábù, 900 dígírì, wákàtí kan. Nígbà tí mo ṣí i, àwọn kan ti fọ́, àwọn tó ṣẹ́kù dúró bíi pé kò sóhun tó ṣe wọ́n, àfi ìgbà tí mo fi ẹ̀mú kan ọ̀kan, ló bá rún wómúwómú bí eérú. Àwọn tí mo fi bẹ́ntónáìtì ṣe, a jọ kó wọn sínú iná náà ni, wọ́n ṣeé gbé. Súpáfáísọ̀ mi wò ó, wọ́n ní "sítáàṣì yín ti jó, prọ́jẹ́ẹ̀tì ti parí nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí n lọ sọ tẹnu mi níwájú wọn. Ṣé kí n gbé sítáàṣì yẹn lọ sí 4% ni? Àbí irú sítáàṣì tí mo rà ni ò dáa? Ohun míì tún ni pé àwọn tutù tí mo dì sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹ̀ ló ti bu, nǹkan funfun bo gbogbo ara wọn. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

BàbáIléru kọ:

Ọmọ mi, kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yí táyà kó tó rí pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ nìyẹn.

Mo ti bá pẹ́lẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí irú ìfọ́ tí mi ò tíì rí. Má fi sítáàṣì kún un rárá. Ohun tó ń ṣe ọ́ kì í ṣe pé sítáàṣì kéré. Súpáfáísọ̀ rẹ sọ òótọ́ pé ó jó, àmọ́ jíjó ẹ̀ kọ́ ni àbùkù ẹ̀, iṣẹ́ tá a bẹ̀ ẹ́ ló parí.

Wò ó báyìí. Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Wọ́n á to pákó, wọ́n á fi igi gbé e ró nísàlẹ̀, wọ́n á wá da kọnkéré lé e. Igi àti pákó yẹn kì í bá ilé gbé, wọ́n máa yọ ọ́ ni. Àmọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ kí kọnkéré tó dì, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Sítáàṣì ni pákó yẹn. Láti bíi 250 dígírì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, tó bá máa fi di 400 kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Òkúta irin fúnra ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í di ara ẹ̀ mú nígbà yẹn, ìyẹn ṣì jìnnà, hematite, irú òkúta irin tó wà nínú ti Itakpe, kì í lẹ̀ mọ́ra dáadáa títí iná á fi kọjá 1200. Láàárín ibẹ̀ yẹn pẹ́lẹ́ẹ̀tì kàn dúró lórí ara ẹ̀ lásán ni. Ìwọ wá da iná dúró ní 900, o ṣí ilẹ̀kùn, o mú ẹ̀mú. O yọ pákó, kọnkéré ò tíì dì.

Bẹ́ntónáìtì ò ní ìṣòro yẹn torí amọ̀ ni, amọ̀ kì í jó, ibi tí iná bá bá a ló ti máa ń le sí i bí ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí tiẹ̀ fi ṣeé gbé ní 900.

Kí n tó sọ̀rọ̀ jù, dá mi lóhùn: àwọn tó fọ́ nínú fọ́nẹ́ẹ̀sì yẹn, ṣé o gbọ́ ariwo tó ta pàù pàù bí àgbàdo tí wọ́n ń yan, àbí ó kàn rọra sán? Àti pé báwo lo ṣe gbé iná náà sókè, ṣé o kó o sínú iná tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Irin kọ:

Ẹ ṣeun gan-an bàbá. Kò ta pàù. Ó sán ni, ẹ lè rí ìlà lára ẹ̀. Inú iná tútù ni mo kó o sí, mo wá gbé e lọ sí 900 ní bíi ogójì ìṣẹ́jú. Fọ́nẹ́ẹ̀sì wa ò kọjá 1200, a kì í sì í fẹ́ gbé e débẹ̀ torí wáyà ẹ̀.

BàbáIléru kọ:

Tí kò bá ta pàù, omi kọ́ ló fọ́ ọ nìyẹn, torí o ti gbẹ ẹ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ó ta, mi ò bá ní omi tó há sínú ẹ̀ ló di ooru tó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Sítáàṣì máa ń fa ìyẹn náà tó bá pọ̀ jù, torí ó máa ń bo ara pẹ́lẹ́ẹ̀tì bí awọ. Ogójì ìṣẹ́jú ti yá jù. Gáàsì tí 2% sítáàṣì ń tú jáde tó bá ń jó kì í ṣe kékeré, ó gbọ́dọ̀ rọra jáde. Láti 200 sí 450, má jẹ́ kó ju dígírì mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Dúpẹ́_Minnesota kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ń kà á bọ̀ láti òkè, inú mi dùn pé ọmọ Yorùbá ń sọ̀rọ̀ nípa pẹ́lẹ́ẹ̀tì, níbi tí mo wà ní Minnesota, Amẹ́ríkà níbí yìí, iṣẹ́ tí gbogbo ìlú ń jẹ nìyẹn. Mesabi Range ni wọ́n ń pe agbègbè yìí, òkúta taconite ni wọ́n ń wà, irin inú ẹ̀ ò pọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Minnesota, E. W. Davis, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ wá bí wọ́n ṣe máa lọ̀ ọ́, tí wọ́n máa fi mágínẹ́ẹ̀tì fa irin jáde, tí wọ́n máa wá yí i ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ́kọ́ gba pátẹ́ǹtì lórí yíyí ẹ̀, ará Sweden ni, Andersson, 1912.

Àbúrò, gbogbo ohun tí bàbá sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ fi tèmi kún un, torí mo gbà gbọ́ pé prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ ṣì ní ẹ̀mí, ibi tí wọ́n ní ó ti kú gan-an ni iṣẹ́ rẹ wà.

Àkọ́kọ́, ìdí tí àwọn èèyàn fi ń wá báíńdà tó ń jó. Bẹ́ntónáìtì máa ń gbà tó kìlò 5 sí 8 fún tọ́ọ̀nù kan. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì ẹ̀ tó jẹ́ sílíkà, ìyẹn ohun tó wà nínú iyanrìn, bíi 60%. Tí ilé iṣẹ́ kan bá ń fi kìlò 7 sí i tó sì ń ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ́dún, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ da bíi 4,200 tọ́ọ̀nù sílíkà padà sínú òkúta tó ti náwó náná ńlá láti yọ sílíkà kúrò nínú ẹ̀. Ẹ tún un wò. Wọ́n á lọ òkúta títí, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá bu iyanrìn padà sí i. Ohun tó máa ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. CMC, báíńdà kan tí wọ́n fi ara igi tàbí òwú ṣe, kìlò kan sí ìdajì kìlò ti tó fún tọ́ọ̀nù kan, iná jó o tán, kò sí eérú tó ṣe pàtàkì. Peridur wà lára àwọn orúkọ tó gbajúmọ̀ nínú ẹ̀. Kìlò ẹ̀ wọ́n ju ti bẹ́ntónáìtì lọ fíìfíì, àmọ́ bíi ìdá mẹ́wàá lo máa lò. Ihò kéékèèké tó fi sílẹ̀ nínú pẹ́lẹ́ẹ̀tì tún dáa, gáàsì máa ń rí ọ̀nà wọlé dé àárín láti yọ ọ́kísíjìn kúrò lára irin.

Ìkejì, lílọ̀ rẹ ò kúnná tó. 75 máíkírọ̀nù ti tóbi jù. A máa ń fẹ́ kí 80% ó kọjá nínú síífù 45. Tí horo ìyẹ̀fun bá tóbi, ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn ò ní pọ̀, sítáàṣì ló kàn ń tan ọ́ pé wọ́n ti di ara wọn mú. Kó o tó ṣe nǹkan míì, padà lọ lọ̀ ọ́.

Ìkẹta, 2% ti pọ̀ jù. Bẹ̀rẹ̀ láti 0.5% lọ sí 1%, mọ síbẹ̀. Sítáàṣì lásán ò lágbára tó CMC lóòótọ́, àmọ́ bó o ṣe sè é ló ṣe kókó. Tí kò bá jiná, ìyẹ̀fun lásán ni, kò lè lẹ nǹkan kan. Gbágùúdá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ki ní bíi 60 sí 70 dígírì, o máa rí i tó bá yí padà láti funfun bí ẹ̀kọ tútù sí èyí tó mọ́ gaara tó ń fà. Ibi tó ti ń fà yẹn ni kó o ti mú un. Omi inú ẹ̀ wà lára omi pẹ́lẹ́ẹ̀tì o, má ṣe da omi míì lé e láìṣírò. 8 sí 10% ni gbogbo omi náà pátá, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú táyà, wọ́n á di èkùrọ́, láìpẹ́ wọ́n á di ọsàn.

Èyí tó bu nínú ọ̀rá, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Oúnjẹ ni sítáàṣì, ó máa bu. Yí i lónìí, gbẹ ẹ́ lónìí.

ỌmọKàbà kọ:

Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ ẹ ṣeun. Mo fẹ́ bi nǹkan kan, kì í ṣe pé mo fẹ́ bu omi tútù sí àbúrò lọ́kàn. Ìlú mi ò jìnnà sí Itakpe. Gbágùúdá tẹ́ ẹ ń sọ yìí, oúnjẹ wa ni, ẹ lọ wo iye tí gàrí ń jẹ́ lọ́jà. Tí ilé iṣẹ́ irin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra sítáàṣì ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù, kí ni aráalé máa jẹ? Ẹ ṣáà máa ń sọ pé Nàìjíríà la ń gbin gbágùúdá jù lágbàáyé, òótọ́ ni, àmọ́ a tún ń jẹ ẹ́ tán. Bẹ́ntónáìtì wà ní àríwá ìlà-oòrùn wa níbẹ̀ yẹn, kí ló dé tá ò lo ìyẹn?

Dúpẹ́_Minnesota kọ:

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi. Bẹ́ntónáìtì tó wà lọ́dọ̀ wa, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ irú ti calcium ni, kì í wú tó ti sodium tó ń wá láti Wyoming níbí. Wọ́n ní láti fi soda ash, ìyẹn ìyẹ̀fun kan tó ní sodium nínú, tọ́jú ẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ṣeé ṣe, kì í ṣe èèwọ̀.

Lórí oúnjẹ, mo gbà pẹ̀lú rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe fẹ́ kí àbúrò fi èyí tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn gàrí dán an wò. Omi tó ń ṣàn jáde nígbà tí wọ́n bá fún gàrí, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó bá ti silẹ̀, sítáàṣì funfun báláú ló wà níbẹ̀, ibi púpọ̀ dà á nù ni, ilẹ̀ ibẹ̀ ń rùn. Ẹ bá mi kó ìyẹn wá. Èèpo gbágùúdá náà ní sítáàṣì, àmọ́ yẹ̀pẹ̀ máa ń wà lára ẹ̀, yẹ̀pẹ̀ sì ni sílíkà tá à ń sá fún.

BàbáIléru kọ:

Mo fẹ́ tún ibì kan ṣe o, torí àwọn ọmọdé ń kà á. Kì í ṣe gbogbo iléru ló nílò báíńdà tó ń jó. Ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta, blast furnace, ìyẹn iléru ńlá tó ń yọ́ irin, ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, sinter, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta irin tí wọ́n sun kó lẹ̀ pọ̀, ni wọ́n ṣètò pé ó máa jẹ, òkúta Itakpe tí irin inú ẹ̀ bá tó 63, 64% ti tó o. Nínú blast furnace, sílíkà á yọ́, á bá òkúta ẹfun jáde ní ìdàrọ́. Owó ni, àmọ́ ó ń jáde.

Ilé iṣẹ́ irin Aladja, tí wọ́n ṣí ní 1982, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Gáàsì ni wọ́n ṣètò láti máa fi yọ ọ́kísíjìn kúrò lára pẹ́lẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, pẹ́lẹ́ẹ̀tì ò ní yọ́ rárá, bó ṣe rí róbótó ló ṣe máa jáde. Gbogbo sílíkà tó bá wọlé ló máa bá a dé inú fọ́nẹ́ẹ̀sì oníná mànàmáná, ibẹ̀ ló ti máa jẹ iná gọbọi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ 67% tàbí jù bẹ́ẹ̀. Irú pẹ́lẹ́ẹ̀tì yẹn ni kó o sọ pé prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ wà fún. Tí wọ́n bá bi ọ́ "kí la fẹ́ fi sítáàṣì ṣe nígbà tí bẹ́ntónáìtì wà," o ti ní èsì.

Mo ti lo mólásì, omi dúdú tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe ṣúgà, rí níbi iṣẹ́ kan, ó ń lẹ̀ gan-an, àmọ́ potásíọ̀mù inú ẹ̀ ò dáa fún iléru, kòkòrò sì ń bò ó. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Irin kọ:

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, àárín 400 sí 1200 yẹn, ṣé kò sí ohun tí mo lè fi dí i? Mo fẹ́ kó dúró.

Dúpẹ́_Minnesota kọ:

Ó wà. Ọ̀nà méjì ni wàá fi bẹ̀rẹ̀. Fi bẹ́ntónáìtì díẹ̀ sí sítáàṣì náà, bíi 0.2%, amọ̀ á di í mú nígbà tí sítáàṣì bá ti lọ. Ìkejì ni bóráàsì, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù fi ń jó góòlù mọ́ra. Ó máa ń tètè yọ́, á wọ àárín horo òkúta, á lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó lè dá dúró. Díẹ̀ báyìí ni o.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe jù ni èyí. Má ṣe sun gbogbo ẹ̀ tààrà. Mú mẹ́wàá jáde ní 200, mẹ́wàá ní 400, mẹ́wàá ní 600, 800, 1000, 1200. Jẹ́ kí wọ́n tutù, tẹ̀ wọ́n fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Fa ìlà ẹ̀ sórí páálí. Wàá rí i tó sọ̀kalẹ̀ bí àfonífojì tó tún gòkè padà. Ṣe ti bẹ́ntónáìtì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àfonífojì yẹn ni prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ, àbúrò. Ẹni tó bá ti rí i kò ní sọ pé sítáàṣì ti jó ó parí.

Kó o sì wò ó bóyá magnetite, irú òkúta irin tí mágínẹ́ẹ̀tì máa ń fà, wà nínú òkúta rẹ, torí Itakpe ní méjèèjì, magnetite àti hematite. Magnetite máa ń gba ọ́kísíjìn nínú iná, ó máa ń tú ooru sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó máa ń tètè di ara ẹ̀ mú ju hematite lọ. Mágínẹ́ẹ̀tì lásán lo máa fi mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Irin kọ (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀):

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé o.

Mo tún un lọ̀, ó kọjá 45. Sítáàṣì inú omi gàrí ni mo lò, obìnrin kan tó ń ṣe gàrí nítòsí wa ló jẹ́ kí n máa bù ú lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. 0.8%. Àwọn kan, mo fi bẹ́ntónáìtì 0.2% kún un. Mo rọra gbé iná bí bàbá ṣe sọ. A rí fọ́nẹ́ẹ̀sì tó ń dé 1300 yá níbòmíì, mo sì sun wọ́n ní 1280 fún ìdajì wákàtí.

Àfonífojì yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́! Ní 105 ó le, ní 400 ó ti sọ̀kalẹ̀, 600 ló burú jù, ìka lásán ló ń fọ́ ọ. Ní 1000 ó ti ń padà bọ̀. Èyí tó ní bẹ́ntónáìtì díẹ̀ nínú, àfonífojì tiẹ̀ ò jìn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo mú ti 1280 jáde, ó ti yí padà sí dúdú tó ń dán, mo jù ú mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó ta padà ó sì dún bí òkúta. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ wa fún mi ní kìlò 140 ní ìpíndọ́gba kí ọ̀kan tó fọ́. Mo mọ̀ pé 200 sí 250 ni ilé iṣẹ́ ń fẹ́, kò tíì débẹ̀. Súpáfáísọ̀ mi gba páálí yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n fi sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú orí kẹrin.

BàbáIléru kọ:

Ọmọ mi, o ṣeun, inú mi dùn púpọ̀. 140 láti inú táyà àfọwọ́yí? Ó dáa. Ìdajì wákàtí ní 1280 lè kéré fún fọ́nẹ́ẹ̀sì kékeré, àárín pẹ́lẹ́ẹ̀tì lè má tíì rí ọ́kísíjìn tó èèpo ẹ̀. La ọ̀kan sí méjì, wo inú ẹ̀. Tí àwọ̀ àárín bá yàtọ̀ sí ti èèpo, fi ogún ìṣẹ́jú kún un, kó o sì ṣí ihò ẹ̀yìn fọ́nẹ́ẹ̀sì díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Tó o bá ti là á, ya fọ́tò ẹ̀ wá síbí kí n rí i.